Dráyà Ẹ́ldà Ṣùpọ̀, Ọyẹ́ Thamesmead

Bí ẹ bá ń rìn lẹ́bàá odò Thamesmead, ní London, ní nǹkan bí ọdún 1992, tí ẹ rí ọkùnrin kan tó gbé àgbọ̀n sókè, tó ń wo ojú ọ̀run bí ọ̀gá tó ń wo ọmọ iṣẹ́ tó pẹ́ dé, Ẹ́ldà Ṣùpọ̀ lẹ rí yẹn. Ẹ̀ bá ti kí i dáadáa. Bí òjò bá ń ṣú, ṣe ni yóò máa rẹ́rìn-ín músẹ́. Gbogbo ọmọ Yorùbá tó kù ní Woolwich ló ń sá fún òjò. Òun nìkan ni òjò ń ṣe lóore.

Ẹ má bi mí léèrè púpọ̀. Dráyà, ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ, ló fà á.

Kì í kúkú ṣe dráyà oníná mànàmáná tí gbogbo ayé ní. Onígáàsì ni. Ẹ́ldà kì í jẹ́ kí àlejò jókòó tán kó tó sọ ọ́. "Eléyìí tí ẹ̀ ń wò yìí, gáàsì ló ń jẹ," ni yóò wí, á sì fọwọ́ gbá ẹ̀rọ náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí ẹni ń gbá ẹṣin. "Iná gidi ló wà nínú ẹ̀. Ti àwọn yẹn, wáyà lásán ni."

Iṣẹ́ kó-ẹrù-kó-ẹrù ló ń fi ọkọ̀ fáànù rẹ̀ ṣe. Ìyá òyìnbó kan tó ń kó kúrò ní Abbey Wood ló ní kó bá òun gbé ẹ̀rọ náà lọ dànù. Ẹ́ldà gbé e, ṣùgbọ́n kò dà á nù. Ó gbé e sí ilé ìdáná rẹ̀, ó fi sípánà kan àti Sáàmù kẹtàlélógún so ó mọ́ páìpù gáàsì fúnra rẹ̀. Ìwé kékeré kan wà lára ẹ̀rọ náà, tó sọ pé oníṣẹ́ gáàsì tó ní ìwé ẹ̀rí nìkan ni kó fọwọ́ kàn án. Ẹ́ldà ka ìwé náà tán, ó fi nu gíríìsì ọwọ́ rẹ̀.

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí dráyà kan ṣoṣo fi lè sọ ènìyàn di ọba. Aláṣọ funfun ni wọ́n nínú ìjọ tí Ẹ́ldà ń lọ, gbọ̀ngàn kan nítòsí Plumstead Common ni wọ́n sì ti ń pàdé. Ní Lagos, bí o bá fọ sùtánà rẹ láàárọ̀, oòrùn á ti gbẹ ẹ́ kí o tó jẹun ọ̀sán tán. Ní Woolwich, lóṣù kọkànlá, sùtánà á so kọ́ sí ojú fèrèsé títí yóò fi máa rùn bí aṣọ ìnulẹ̀. Lọ́ńdìrì wà nígboro lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ta ni yóò kó aṣọ ìjọ́sìn sínú ẹ̀rọ tí pátá aláìgbàgbọ́ ti ń yí látàárọ̀? Inú ẹ̀rọ ilé onígbàgbọ́ nìkan ni aṣọ mímọ́ gbọ́dọ̀ wọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ tọ Ẹ́ldà Ṣùpọ̀ lọ. Ó sì fi ara rẹ̀ jẹ oyè: Ọyẹ́ Thamesmead. Agbaṣọ-tútù-kó-gbígbẹ-jáde. Oòrùn tí kì í wọ̀, bí gáàsì kò bá tán.

Ẹ̀fẹ̀ ni ẹ rò pé mò ń ṣe. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́ àwọn èèyàn ní oríkì náà.

Wọn kì í sì í lọ ní ọwọ́ òfo. Ẹ́ldà kò bèèrè owó, Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́. Òwe ló máa ń pa. "Àgbà tó ń gbẹ aṣọ fáráyé, ọ̀fun tirẹ̀ ò gbọdọ̀ gbẹ." Ẹni tó bá gbọ́ òwe á mú páálí málítì kan wá. "Iṣu kì í jìnnà sí iná." Ẹni tó bá gbọ́ ìyẹn á mọ ohun tí yóò rà bọ̀ láti ọjà Woolwich. Bí o bá ti fi aṣọ sílẹ̀, wàá jókòó ní pálọ̀ títí yóò fi gbẹ, Ẹ́ldà á sì máa jẹ́rìí bí Ọlọ́run ṣe yan òun láàárín àwọn awakọ̀. Ẹnu ọ̀nà ni àga tirẹ̀ máa ń wà, kó lè máa gba ohun tí wọ́n bá kó dé.

Mọ́wùnmí, ìyàwó rẹ̀, tó ń tọ́jú ọ́fíìsì àwọn òyìnbó, ló kọ́kọ́ kíyè sí i pé ara ẹ̀rọ náà kò yá.

"Daddy, asẹ́ inú dráyà yìí ti kún fún ìhùùhù aṣọ o. Ẹ jẹ́ kí n gbọ̀n ọ́n dànù."

"Dànù síbo?"

"Inú bíìnì náà ni."

Ẹ́ldà wò ó bí ẹni tó fẹ́ sunkún. "Mọ́wùnmí. Ìhùùhù ara aṣọ àwọn ẹni mímọ́. Ṣé kí o dà á lé egungun adìyẹ lórí?"

"Kí la wá máa fi ṣe?"

"A máa dá ọjọ́ tí a máa gbàdúrà lé e, ká tó sin ín."

Ọjọ́ náà kò dé. Ìhùùhù ń pọ̀ sí i, ó dí asẹ́, ó wọ inú ikùn ẹ̀rọ, ó sì dí ọ̀nà atẹ́gùn. Aṣọ tó ń gbẹ kí wọ́n tó mu málítì kan tán wá di èyí tí wọ́n ń dúró dè títí ilẹ̀ fi ń ṣú. Ẹ́ldà wo àìsàn ẹ̀rọ náà bó ti yé e. Ó bá a wí ní orúkọ Olúwa. Ó fi òróró yan bọ́tìnnì rẹ̀, bọ́tìnnì sì wá ń yọ̀ bọ̀rọ́bọ̀rọ́ tó fi jẹ́ pé tówẹ́ẹ̀lì ni wọ́n fi ń yí i. Iná inú rẹ̀, tó ń jó búlúù tẹ́lẹ̀, di pupa rúsúrúsú. Mọ́wùnmí pè é kó wá wò ó.

"Ahọ́n iná ọjọ́ Pẹ́ńtíkọ́sì nìyẹn," ni Ẹ́ldà wí. "Ṣé o kà á níbì kan pé búlúù ni?"

Ẹni tó bá ń jẹun ọ̀fẹ́, kì í pẹ́ tí ojú rẹ̀ á fi wọ inú ìkòkò ẹlòmíràn. Ẹ̀yìn ẹ̀rọ náà ni rọ́bà gbọọrọ kan wà, tó ń gbé ooru àti èéfín gba inú ihò ara ògiri lọ síta. Lọ́jọ́ kan, Ẹ́ldà jáde sẹ́yìnkùlé, ó sì rí àwọn pẹ́pẹ́yẹ odò, gbogbo wọn pagbo sábẹ́ ihò náà, wọ́n ń yáná. Inú bí i. Gáàsì tí òun ń san owó rẹ̀ ni pẹ́pẹ́yẹ ń yá yìí. Kí ni òun jẹ wọ́n? Àwọn wọ̀nyí kò mú iṣu wá, wọn kò mú málítì wá.

Ó wọlé, ó yọ rọ́bà náà lára ògiri, ó fà á gba ẹnu ilẹ̀kùn wọ pálọ̀, ó sì gbé ẹnu rẹ̀ sẹ́yìn àga tìmùtìmù. Ó fi téèpù lẹ gbogbo etí fèrèsé kí ooru má baà jáde. Pálọ̀ móoru wẹ̀sì. Ohun tó kù ni ihò ara ògiri, tí òtútù ń gbà wọlé. Ó ń wá nǹkan tí yóò fi dí i.

Inú ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni sùtánà Auntie Rosaline jó.

Rosaline ń tọ́jú àwọn arúgbó ní ilé ìtọ́jú kan, Connaught Estate ló ń gbé. Sùtánà kan ṣoṣo ló ní. Patricia, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ wà ní àjà kan náà, ló fọwọ́ rán an fún un, tó sì fi òwú búlúù kọ orúkọ rẹ̀ sí ọrùn rẹ̀. Rosaline fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ Ẹ́ldà kó tó lọ síbi iṣẹ́. Ẹ́ldà tan ẹ̀rọ, ó sùn lọ. Òórùn ló jí i. Nígbà tó ṣílẹ̀kùn dráyà, ẹ̀yìn sùtánà náà ti pọ́n bí àkàrà, ihò sì ti lu láàárín rẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ̀ ń kà á yìí, ẹ̀ bá ti ní, "Sorry, Auntie, ó ṣèèṣì." Rosaline ì bá sì ti dárí jì í kí ẹ tó sọ ọ́ tán. Ṣùgbọ́n Ọyẹ́ Thamesmead ni ẹ̀ ń bá wí. Ṣé ọyẹ́ máa ń jó aṣọ ni? Ẹ́ldà dúró, ó wo aṣọ, ó wo ihò ara ògiri. Ó ká aṣọ náà, ó tì í wọnú ihò, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ gbá a wọlé dáadáa. Òtútù dákẹ́. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀, ó tilẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run tó ń fi òkúta kan pa ẹyẹ méjì fún un.

Rosaline dé nírọ̀lẹ́. "Ẹ kú ilé, Uncle. Mo wá mú aṣọ mi."

Ẹ́ldà dijú. "Rosaline, jókòó. Orí okùn ẹ̀yìnkùlé ni mo sá aṣọ yẹn sí kó gba atẹ́gùn díẹ̀. Nígbà tí mo padà débẹ̀, kò sí mọ́."

"Ah. Ta ló gbé e?"

"Wọ́n fi hàn mí." Ó tún dijú sí i. "Obìnrin kan ni. Kò jìnnà sí ọ. Ó mọ abẹ́rẹ́ lò. Aṣọ rẹ ló fẹ́ fi dí ògo rẹ."

Kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ta ló tún kù tó mọ abẹ́rẹ́ lò? Ẹ má rò pé ó kàn ṣe kòńgẹ́ o. Patricia ni ẹni kan ṣoṣo nínú ìjọ tó sọ fún Ẹ́ldà lójúkojú pé, "Uncle, èmi ò ní iṣu tí mo fẹ́ gbé wá. Inú bathroom mi ni màá sá tèmi sí." Láti ọjọ́ náà ni orúkọ rẹ̀ ti ń dun Ẹ́ldà nínú.

Rosaline sunkún délé. Kò kan ilẹ̀kùn Patricia mọ́. Nígbà tí Patricia gbé ọbẹ̀ wá bó ti máa ń ṣe, ó ní òun ti yó. Lọ́jọ́ ìsinmi, àwọn alàgbà, tí ìran Ẹ́ldà ti dé etí wọn, ní kí Patricia bọ́ aṣọ funfun rẹ̀ sílẹ̀ ná, kó máa jókòó sẹ́yìn pẹ̀lú bàtà lẹ́sẹ̀, títí ọ̀rọ̀ yóò fi yanjú. Ohun tó dùn ún jù kọ́ ni aṣọ. Rosaline kò wo ojú rẹ̀.

Ní gbogbo àkókò yìí, òkìkí pálọ̀ Ẹ́ldà ń kàn. Ẹni tó bá jókòó síbẹ̀ díẹ̀, orí rẹ̀ á máa yí, ojú rẹ̀ á máa ṣú, orúnkún rẹ̀ á yẹ̀. Alàgbà kan rí ìyá rẹ̀ tó ti kú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Òmíràn sùn lọ, ó jí, ó ní òun ti dé ẹnubodè ọ̀run. Nínú ìjọ tí wọ́n ti ń rí ìran, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré. Wọ́n ní Ẹ̀mí wúwo nínú ilé náà. Ẹ́ldà, tó wà lẹ́nu ọ̀nà níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ sí i, kò rí nǹkan kan rí, ṣùgbọ́n ó mọ bí wọ́n ṣe ń mi orí.

"Daddy," ni Mọ́wùnmí wí, "orí mi kì í fọ́ níbi iṣẹ́. Kì í fọ́ nínú bọ́ọ̀sì. Tí mo bá ti wọ pálọ̀ yìí báyìí, ó máa bẹ̀rẹ̀."

"Ẹ̀ṣẹ̀ kékeré kan á ti wà lára ẹ tí Ẹ̀mí ń bá jà. Lọ wádìí ara ẹ."

Mọ́wùnmí wádìí ara rẹ̀. Ó mu oògùn orífífọ́ méjì, ó sùn.

Òkìkí náà dé etí Bàbá Àgbà Akínbọ́lá, olórí gbogbo ìjọ wọn ní London. Ó ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ lọ́sàn-án Sátidé láti wá gbàdúrà nínú pálọ̀ náà. Nǹkan méjì ni yóò ṣe: yóò fi òróró yan Ẹ́ldà ní Bàbá Ìjọ, yóò sì dá ẹjọ́ Patricia. Bí ẹjọ́ náà bá dá a lẹ́bi, kó máa wá ìjọ míì lọ.

Oorun kò kun Ẹ́ldà mọ́. Ó dúró níwájú dígí, ó ń dán an wò bí yóò ṣe máa na ọwọ́ nígbà tí wọ́n bá ń pè é ní Bàbá.

Sátidé dé, òjò ń rọ̀. Pálọ̀ kún dẹ́nu, gbogbo wọn wọ aṣọ funfun, ẹsẹ̀ wọn lásán lórí kápẹ́ẹ̀tì. Rosaline jókòó lórí àga tìmùtìmù, nínú sùtánà tó yá. Bàbá Àgbà bọ́ ẹ̀wù tí òjò pa, ó wọ òmíràn. Ẹ́ldà fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ẹ̀wù náà sínú dráyà, ó ní kí gbogbo ènìyàn máa gbọ́ bó ti ń dún.

Patricia náà wá. Kò sẹ́ni tó pè é. "Ẹ jẹ́ kí n wọlé kí n sọ tẹnu mi," ló wí.

"Òde ni kí o dúró," ni Ẹ́ldà wí. "Nígbà tí Ẹ̀mí bá pè ọ́, wàá gbọ́."

Ó ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn sínú òjò, ó sì fi kọ́kọ́rọ́ tì í, nítorí ó ti gba gbogbo ẹ̀bùn tó máa gbà lọ́jọ́ yẹn.

Wọ́n kọrin. Wọ́n gbàdúrà. Kò pẹ́, alàgbà kan fi orí lé ògiri. Mọ́wùnmí jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Rosaline sùn sórí ọwọ́ àga, ẹnu rẹ̀ là sílẹ̀. "Ó ti dé," ni Ẹ́ldà ń wí, "ó ti dé o, ẹ gbà á." Inú rẹ̀ dùn dé ọ̀fun.

Bàbá Àgbà gbé ìgò òróró. "Ṣùpọ̀, wá kúnlẹ̀ síbí."

Ibi tó nawọ́ sí ni ẹ̀gbẹ́ àga tìmùtìmù. Ẹ́ldà dìde kúrò lẹ́nu ọ̀nà. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti fa rọ́bà wọlé, ó lọ kúnlẹ̀ sí ibi tí ẹnu rọ́bà kọjú sí gẹ́lẹ́. Ooru náà ń fẹ́ sí i nímú. Orí rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ó rí Bàbá Àgbà méjì. Ẹ̀rù bà á díẹ̀, ayọ̀ sì gbá ẹ̀rù náà lọ: ṣé òótọ́ ni gbogbo irọ́ tí òun ti ń pa?

"Mo fi òróró yìí," ni Bàbá Àgbà wí, "mo fi òróró yìí..." Kò lè parí rẹ̀. Ìgò bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó tẹ̀ síwájú, ó sì bi gbogbo ìrẹsì tí wọ́n fi ṣe é lálejò sórí Ẹ́ldà Ṣùpọ̀, láti àárín orí títí dé èjìká. Ẹ́ldà ṣe àmín.

Níta, Patricia wò wọ́n láti ojú fèrèsé. Ojú rẹ̀ dá ṣáká. Òjò àti òtútù ti rí sí ìyẹn. Ó rí i pé àwọn tó ṣubú kò mira. Ó rí i pé Rosaline ti rọ jọwọrọ bí aṣọ tó wọ̀. Ó kan ilẹ̀kùn, kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Nínú gbogbo ọmọ ìjọ tó wà níbẹ̀, òun nìkan ni bàtà wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Ó bọ́ ọ̀kan, ó fi gìgísẹ̀ rẹ̀ fọ́ fèrèsé, ó fa téèpù ya, ó sì fò wọlé. Rosaline ló kọ́kọ́ wọ́ jáde. Ó kígbe pe àwọn òyìnbó aládùúgbò kí wọ́n fóònù, ó tún padà wọlé lọ wọ́ àwọn tó kù.

Nígbà tí àwọn panápaná dé pẹ̀lú ọkọ̀ áńbúláǹsì, gbogbo ìjọ ti wà lórí koríko lẹ́bàá odò, nínú òjò, ẹsẹ̀ lásán, wọ́n ń wúkọ́, wọ́n ń bì. Ọlọ́run ṣeun, kò sẹ́ni tó kú. Gbogbo àdúgbò ti jáde, àwọn kan tilẹ̀ gbé tíì lọ́wọ́. Àwọn panápaná pa gáàsì, wọ́n ṣí gbogbo ilé sílẹ̀. Ọ̀gá wọn ní èéfín gáàsì tí kì í rùn, tí ojú kì í rí, ni wọ́n ti ń fà símú, pé ìdajì wákàtí sí i, òkú ni àwọn ì bá máa gbé. Ó béèrè ibi tó yẹ kí èéfín gbà jáde. Gbogbo ojú yí sí Ẹ́ldà. Ẹ́ldà ń fọ ìrẹsì kúrò nínú irun.

Panápaná náà yí sẹ́yìnkùlé fúnra rẹ̀, gbogbo wọn ń wò ó. Ó rí ihò ara ògiri. Ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó fa nǹkan kan. Nǹkan náà lọ́ra, ó ń jáde díẹ̀díẹ̀: apá aṣọ kan, ẹ̀yìn tó pọ́n bí àkàrà, ọrùn. Ó gbé e sókè. Ó ka òwú búlúù tó wà níbẹ̀ sókè ketekete, ó sì béèrè ẹni tó ń jẹ́ Rosaline.

Rosaline dìde pẹ̀lú búláńkẹ́ẹ̀tì lọ́rùn, ó gba aṣọ náà, ó fi ìka tọ lẹ́tà orúkọ ara rẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó wo Patricia, tí ẹ̀jẹ̀ ń jáde lọ́wọ́ rẹ̀ níbi tí gíláàsì ti gé e. Ojú tì í ju bó ti lè sọ lọ.

"Patricia," ló wí, "mo jẹ̀bi ẹ."

"Wọ búláńkẹ́ẹ̀tì ẹ dáadáa," ni Patricia wí. "Òtútù ń mú ẹ."

Bàbá Àgbà jókòó sórí àtẹ̀gùn áńbúláǹsì. Ó pe Ẹ́ldà sọ́dọ̀. "Ṣùpọ̀, obìnrin tó mọ abẹ́rẹ́ lò yẹn. Ta ló fi hàn ọ́?"

Ẹ́ldà dijú, bó ti mọ́ ọn lára. "Bàbá, Ẹ̀mí..."

"Ẹ̀mí tó wà nínú ilé yìí," ni Bàbá Àgbà wí, "àwọn panápaná ti ṣí fèrèsé fún un. Ó ti lọ. Lajú rẹ, kí o dá mi lóhùn."

Ẹ́ldà lajú. Níwájú ìjọ, níwájú àwọn òyìnbó tó ń mu tíì, ó ní, "Dráyà ló jó o, sà."

Mọ́wùnmí ló kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó fọwọ́ kan iwájú orí rẹ̀. "Kò fọ́ mọ́ o," ló wí, kò sì dojú kọ ẹnikẹ́ni. "Ẹ̀ṣẹ̀ mi ti jáde lójú fèrèsé." Lẹ́yìn náà ó wọlé, ó gbọn ìhùùhù asẹ́ dráyà sínú bíìnì, lórí egungun adìyẹ, ó sì padà jáde wá jókòó.

Ẹ́ldà Ṣùpọ̀ nìkan ló dúró sẹ́yìnkùlé pẹ̀lú sùtánà ọrùn rẹ̀ tó rin gbingbin, tí kò sí ibi tí yóò ti gbẹ ẹ́. Ooru pálọ̀ rẹ̀ ń gba gbogbo fèrèsé jáde. Àwọn pẹ́pẹ́yẹ ti gòkè láti inú odò, wọ́n pagbo sábẹ́ ògiri, wọ́n ń yá a lọ́fẹ̀ẹ́.